Àwo Ìrẹsì Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Bébà

Màmá Fusae gbọn tìmùtìmù náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ kó lè dán, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú tábìlì kúkúrú. Tìmùtìmù àlejò ni, èyí tó ní aṣọ sẹ́dà aláwọ̀ ewé, tí kò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Etí, ó gbé e jókòó sórí rẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀,” ó wí. “Ilé wa há díẹ̀. Ẹ má bínú o.”

“Ilé yín tuni lára, Màmá,” Etí dáhùn.

Ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ ni Etí. Ó funfun, ó rí bí òkúta inú odò, kò sì ju orí ọmọ tuntun lọ. Iná kékeré kan ń tàn nínú rẹ̀, ó ń kú, ó tún ń tàn, bí ẹni tó ń mí.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn bébà tó pààlà sí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìbíyẹmí wà lórí ìkúnlẹ̀, dígí pẹlẹbẹ kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú dígí náà, ìlà kan ń sáré lọ, ìlà ìrọ̀rùn ni wọ́n ń pè é. Bí ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá balẹ̀, ìlà á gòkè. Bí ara bá ń ni ín, ìlà á wálẹ̀. Ti Màmá Fusae ti ń gòkè.

“Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa,” Ọ̀jọ̀gbọ́n Nagatomo rọra sọ sí i létí, nínú ẹ̀rọ kékeré tó fi sétí, láti ilé ìwádìí tó wà ní òdìkejì ìlú Kyoto. “Ẹ rántí o, Ìbíyẹmí-san. Ẹ kò gbọdọ̀ dún. Bí ẹ bá dún pẹ́nrẹ́n, ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Ìbíyẹmí mi orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kò rí i.

Kò sí ohun tó nira fún un tó ìyẹn. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni. Wọn ò tọ́ ọ dàgbà láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà kó wá dákẹ́ bí igi. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà á máa bá a gbé e: ẹn-ẹn, ẹn-hẹ́n, ó ga o, kí wá ni wọ́n ṣe? Nígbà tó dé Japan láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ mú inú rẹ̀ dùn ni pé àwọn náà kì í dákẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ á máa mi orí, á máa fi ohùn kéékèèké gbe ọ̀rọ̀ ẹnìkejì lẹ́sẹ̀: un, un, áà, bẹ́ẹ̀ ni. Aizuchi ni wọ́n ń pè é. Orí aizuchi ló gbé gbogbo ìwádìí rẹ̀ lé. Ó jókòó ti àwọn arúgbó, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì ń fi etí ya èyí tó ti inú wá sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ẹnu lásán ṣe. Nígbà tí ilé ìwádìí sì ń wá ohùn tí Etí á máa lò, ọ̀fun tirẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

“Un,” Etí wí nínú yàrá. “Un, un. Áà.”

Ara Ìbíyẹmí ṣe gììrì. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá tí òun kò sí.

Lókè orí rẹ̀, fìtílà ẹnu ọ̀nà ṣì ń tàn ní àwọ̀ ọsàn. Gbogbo ilé tí arúgbó bá dá gbé ló ní irú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á pọ́n bí ọsàn. Bí ẹnì kan bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó náà tó, á di funfun fúnra rẹ̀. *Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn láìjẹ́ pé a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀*, ohun tí Òfin Ìgbọ́ràn wí nìyẹn. Òfin náà dára, àmọ́ arúgbó pọ̀, etí ò sì tó. Ní àdúgbò yìí, ilé òfìfo ju ilé tó ní èèyàn lọ. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní awakọ̀ ló ń gbé ẹja àti ewébẹ̀ kiri, ẹ̀rọ ló sì ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àwọn bí Ìbíyẹmí láti òkè òkun, ìdí náà nìyẹn tí wọ́n sì fi ń ṣe Etí.

Bí ìdánwò òní bá parí, wọ́n á gbọ́ ọ̀kan nínú ohun méjì lẹ́nu rẹ̀: “Ó tó,” tàbí “Kò tó.” Bó bá ní ó tó, Etí á máa gbé lọ́dọ̀ Màmá Fusae, Ìbíyẹmí á sì wọ bàálù lọ sílé. Bó bá ní kò tó, kò gbọdọ̀ fi obìnrin náà sílẹ̀ títí wọ́n á fi rí èèyàn mìíràn tó máa gbọ́ ọ. Kò sì sí èèyàn mìíràn. Ó ti béèrè.

Nílé, ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá náà pè é lórí dígí, ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ nìkan ló hàn.

“Àwẹ̀ró, ìwọ nìyẹn àbí kọ́tìnnì?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Kọ́tìnnì yìí mà ti sanra o!”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in dáadáa. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ tán, Ìbíyẹmí wọ ilé ìdáná Màmá Fusae, ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó náà bá a.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní ṣé èmi ni àbí kọ́tìnnì.”

Màmá Fusae ò rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo lo máa lọ sílé?”

“Bí Etí bá yege, Màmá.”

“Un,” Màmá Fusae wí, ó sì padà sídìí ìrẹsì tó ń ṣan. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Nísinsìnyí ó jókòó gbọnrangandan níwájú Etí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ó ń sọ̀rọ̀.

“Ọkọ mi olóògbé, Tokuji, òun ló máa ń pe orúkọ ibùdó fún àwọn èrò nínú ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bó bá délé, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.”

“Un, un,” Etí wí. “Ó ti rẹ̀ wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n.”

Ìbíyẹmí mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́. Bí Màmá Fusae bá ń sọ ọ́ fún òun, “òpònú yẹn” ló ń pe Tokuji. Á ní òpònú yẹn ta gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán sínú ọkọ̀, ìyókù tó gbé wálé kò tó kí ológbò. Á ní bó bá sùn, á tún máa pe orúkọ ibùdó lójú oorun, òun náà á sì ké sí i pé, “Ó wà o, mo fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀!” Á wá sọ nípa ọjọ́ tí òpònú yẹn rí òun láàárín èrò, tó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde fún gbogbo ọkọ̀ pé: *Ibùdó tó kàn ni Fusae. Kí Fusae jọ̀wọ́ dúró dè mí.* Níbẹ̀ yẹn, á dákẹ́. Á fi ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa wo ojú Ìbíyẹmí, títí Ìbíyẹmí á fi pariwo pé, “Irọ́ ni!” Màmá á wá gbá ilẹ̀ lábàrá: “Irọ́ kẹ̀? Lọ bi àwọn èrò ọkọ̀!”

“Lọ́jọ́ kan,” Màmá Fusae sọ fún Etí, “ó pe orúkọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú mi dùn. A sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún tó tẹ̀ lé e.”

Ó kọjá ibẹ̀ láìdúró. Ẹnu Ìbíyẹmí ti là. Ó yára fi apá aṣọ dí i.

“Áà,” Etí wí. “Ìtàn tó dùn ni.”

“Ẹ ṣeun púpọ̀.”

Ìlà náà ti gun òkè dígí. “Ó mà dára o,” Nagatomo ń sọ sí i létí. “Wàhálà ò sí níbẹ̀ rárá. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.”

Bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà ò sí níbẹ̀. Kò sí èébú, kò sí ilẹ̀ gbígbá lábàrá, kò sí ibi tó dúró kí ẹnì kan bá a gbé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbá bí yàrá tí àlejò ń bọ̀ ni. Ìbíyẹmí wo tìmùtìmù sẹ́dà náà láti ojú ihò bébà. Ó rántí pé òun gan-an, láti ìgbà tí òun ti ń wá sílé yìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun ń jókòó sí.

Màmá Fusae dìde. “Ẹ fún mi láyè díẹ̀,” ó sọ fún Etí, ó sì kọjá sí ilé ìdáná. Omi hó. Ọmọrí ìkòkò dún. Nígbà tó padà wọlé, ó béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan báyìí:

“Ṣé kí n bu ìrẹsì oní-tíì díẹ̀ fún yín?”

“Ẹ ṣeun, Màmá, èmi kì í jẹun. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo ń gbọ́.”

Ìbíyẹmí gbé ojú kúrò lára dígí. Nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Kyoto, bí onílé bá ní kí òun da tíì gbígbóná sórí ìrẹsì fún ọ, oúnjẹ kọ́ ló fi ń lọ̀ ọ́. Ó fẹ́ kí o máa lọ sílé rẹ ni. Ìwọ náà á ní ó ti tó, á dìde, á dúpẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní ti ẹnìkejì lójú. Ìbíyẹmí ò mọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá. Lọ́jọ́ kejì tó wọ ilé yìí, Màmá Fusae, tí kò fẹ́ rí olùgbọ́ kankan láti ibikíbi, fi ìrẹsì oní-tíì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ Ìlá tí àgbà bá fún lóúnjẹ, ṣé ó jẹ́ kọ̀ ọ́ ni? Ó gbà á pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ó kù. Màmá Fusae wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in débi tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Títí di òní, bó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé, “A lé e, ó tún na àwo.”

Ìyẹn ni pé ó ń lé Etí lọ. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu Ìbíyẹmí nígbà tí ilẹ̀kùn bébà rọra yà díẹ̀. Ọwọ́ kan tó ti hun jọ yọ síta, ó ti àwo kékeré kan lórí pákó títí ó fi kan orúnkún rẹ̀. Èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ọwọ́ náà padà, ilẹ̀kùn sì padé.

Kì í ṣe Etí ni wọ́n ń lé.

Ó wà níbẹ̀, ó ń wo àwo náà. Gbogbo rẹ̀ wá yé e: sẹ́dà aláwọ̀ ewé, ọwọ́ lórí itan, òpònú tó di olóògbé. Obìnrin náà fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ìlà lè gòkè, kí ọmọ ẹlòmíì lè rí ìyá rẹ̀ kí ojú ìyá náà tó ṣú tán. Lẹ́yìn òní, òun àti òkúta yìí láá máa wo ara wọn. Ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbíyẹmí ronú nípa ìyá rẹ̀ tó fimú mọ́ dígí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, “Ó tó.” Ìlà náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ìyá tó bí i ló wà níbẹ̀ yẹn. Èyí tó wà nínú yàrá kò bí i.

Omijé bọ́ sínú àwo. Ó gbé e, ó fi kan ẹnu, ó sì fa omi rẹ̀ mu tariwo-tariwo.

“Ìró kí nìyẹn?” Nagatomo béèrè.

Ó tún fà á, ó jẹ́ kó dún.

“Ìbíyẹmí-san! Ẹ̀yin ni?”

“Èmi ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò tó.”

“Kí ni kò tó? Ìlà dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

“Ó dára bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe àlejò. Wọ́n gbé e sórí tìmùtìmù tó dára jù nílé. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ni èèyàn máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé ara rẹ̀ lójoojúmọ́ láìbú ẹnikẹ́ni?”

Nígbà tí Nagatomo tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Bàbá mi náà,” ó wí, “wọ́n máa ń nu tábìlì kí wọ́n tó bá Etí tiwọn sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ohun tí ‘kò tó’ túmọ̀ sí fún ẹ̀yin gan-an? Mi ò rí ẹni tó máa rọ́pò yín.”

“Mo mọ̀.”

Ilẹ̀kùn ya gbàràgàdà. Màmá Fusae dúró lé e lórí, ọwọ́ ní ìbàdí.

“Ta ní kí o jẹ ẹ́? Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Mo bá nǹkan yẹn sọ̀rọ̀ títí ẹ̀yìn ń ro mí!”

“Ẹ sọ ọ́ dáadáa jù, Màmá.”

“Ìyá ẹ ń dúró dè ẹ́!”

“Ẹ̀yin náà ń kọ́?”

“Èmi kẹ̀? Èmi ti pẹ́ láyé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.” Ó wo àwo tó ti ṣófo. Ó fẹ́ bínú sí i, kò rí i ṣe. “A tún lé e,” ó wí jẹ́jẹ́, “ó tún jẹ ẹ́ tán.” Ó sì jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wà báyìí nígbà tí dígí pè. Ní Ìlá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Imú ìyá Ìbíyẹmí gba ojú dígí.

“Àwẹ̀ró! Kọ́tìnnì mi, o jí ire bí? Nǹkan tí àwọn ọ̀gá ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bá sọ̀rọ̀, mo ti ríṣẹ́ fún un o. Òun ni mo fi ń tẹ ọmọrí ìkòkò, ológbò ò lè ṣí i mọ́.”

Kí Ìbíyẹmí tó dáhùn, Màmá Fusae ti gba dígí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé kí n máa túmọ̀ fún yín, Màmá?” Etí béèrè láti orí sẹ́dà.

“Ẹ sinmi díẹ̀, àlejò mi,” Màmá Fusae wí, ó sì da aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Ó kọjú sí dígí. Ó tẹrí ba fún imú tó ń rí níbẹ̀.

“Ta nìyí?” ìyá Ìbíyẹmí wí. “Ẹn-ẹ́n? Ṣé màmá tí ọmọ mi ń sọ nìyí? Ẹ kú ilé o! Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ!”

“Un,” Màmá Fusae wí. “Un, un.”

“Mo ní ojú mi ò ríran mọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n máa kán oògùn sí i. Ó ń ta mí bí ata!”

“Áàà,” Màmá Fusae wí, ó gùn, ó rẹlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ìbíyẹmí mọ “áà” yẹn. Látinú ni.

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí kò sọ fún Ìbíyẹmí rí: bó ṣe ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí bálùwẹ̀, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á. Màmá Fusae ń bá a gbé e, un, áà, un. Nígbà tó kan òun náà, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ nípa òpònú yẹn. Gbogbo rẹ̀ ni. Ó pe ibùdó lójú oorun. Ó ké pé òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ìyá ń sọ láti Ìlá pé ẹn-ẹn, ẹn-hẹ́n, ó ga o, láìgbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Màmá Fusae dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fi ẹnu ṣe ohùn ọkùnrin. Ó kéde orúkọ ara rẹ̀. Ó wá dákẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo dígí.

Ìbíyẹmí fi eyín di ètè mú.

“Irọ́ ni!” ìyá rẹ̀ pariwo. “Irọ́ gbuu lò ń pa, ìyá yìí!”

Màmá Fusae gbá ilẹ̀ lábàrá, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ti ìyá tẹ̀ lé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Lókè orí wọn, fìtílà ẹnu ọ̀nà ṣẹ́jú. Ó di funfun.

“Ìbíyẹmí-san,” Nagatomo wí sí i létí, “fìtílà ilé náà ti funfun lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀. Ta ló gbọ́ wọn?”

“Ìyá mi ni.”

“Wọ́n gbọ́ èdè wa?”

“Rárá o.”

Ìbíyẹmí mọ̀ pé òun àti ọkùnrin yìí ti kọ́ ìwé òfin náà sórí bí orin. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí olùgbọ́ gbọ́ èdè, tàbí kó wà nínú ìlú kan náà. Wọ́n ní kó jẹ́ èèyàn tó ń mí, tàbí Etí tó bá yege, ni.

“Un,” Nagatomo wí nígbẹ̀yìn. Ó tún un wí, ó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Un. Kí lorúkọ wọn, kí n kọ ọ́ sí àyè olùgbọ́?”

“Rẹ̀mílẹ́kún,” ó wí.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Màmá Fusae ti wọ ilé ìdáná, dígí wà lábẹ́ apá rẹ̀, ìyá Ìbíyẹmí ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa ológbò. Omi tún hó. Arúgbó náà padà wá pẹ̀lú àwo ìrẹsì kejì, ó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gbé e fún un lọ́wọ́.

“Jẹ èyí náà tán,” ó wí. “Lẹ́yìn náà, kí o máa lọ.”